Nígbà Tí Ṣíìpù Bá Dákẹ́: Bí A Ṣe Ń Wá Àléébù Okùn Tí A Fọwọ́ Ṣe

Ìdákẹ́ ni olórí ìṣòro ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe okùn tí wọ́n fi ń kọ ètò sínú ṣíìpù ẹ̀rọ géèmù. Ó ti sódà wáyà mọ́ra, ó ti ki okùn bọ kọ̀ǹpútà, ó ti pàṣẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ èsì kankan kò padà wá. AVRDUDE, ètò ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún irú iṣẹ́ yìí, á kàn kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé òun kò rí ṣíìpù bá sọ̀rọ̀, kí ẹni náà tún ìsopọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Kò ní sọ wáyà tó já. Kò ní sọ bóyá iná ni kò dé, tàbí kọ̀ǹpútà ni kò rán nǹkan kan lọ rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á gbà pé ṣíìpù ti jóná, wọ́n á náwó ra òmíràn, òmíràn náà á sì dákẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò kan ṣíìpù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni ṣíìpù yìí wà fún? PlayStation àkọ́kọ́, tí Sony gbé jáde ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, ló rọrùn jù láti fi ṣàlàyé. Níbi tí àwo géèmù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà mú kí ìlà àwo máa mì díẹ̀, wọ́n sì fi mímì náà pa lẹ́tà mẹ́rin mọ́: SCEI fún Japan, SCEA fún Amẹ́ríkà, SCEE fún Yúróòpù. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń da àwo kọ nílé kò lè da ìlà tó ń mì yẹn kọ. Bí ẹ̀rọ géèmù kò bá rí lẹ́tà tó bá ilẹ̀ tí wọ́n ti tà á mu, á kọ àwo náà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wá mú ṣíìpù kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan, PIC12C508, wọ́n sódà á sínú ẹ̀rọ, òun ló sì ń fi lẹ́tà mẹ́rin yẹn ránṣẹ́ dípò àwo. Báyìí ni àwo Japan ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, báyìí náà ni àwo àdàkọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá dàgbà ní Èkó tàbí Ìbàdàn nígbà ayé PlayStation 2 kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi ṣíìpù sí wọ́pọ̀ nígbà náà ní ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò.

GameCube, tí Nintendo gbé jáde ní ọdún 2001, gba ọ̀nà mìíràn. Àwo rẹ̀ kéré, sẹ̀ǹtímítà 8 péré, ohun tó ń gbà kò sì ju bíi gigabyte 1.5 lọ. Ọ̀kan nínú ṣíìpù tí àwọn ènìyàn ṣe fún un ni XenoGC. Pátákó tó ń darí ẹ̀rọ ìka-àwo ni wọ́n ń sódà á mọ́. Bí iná bá ti wọlé, á bá ọpọlọ pátákó náà sọ̀rọ̀, á sì yí àṣẹ inú rẹ̀ padà kí ó má baà kọ àwo tí kì í ṣe ti Nintendo. Ohun tó wà nínú XenoGC kò ṣàjèjì rárá: ATmega8L ni, ṣíìpù ọjà gbogbo tí ilé iṣẹ́ Atmel ṣe, tí àwọn ènìyàn ń fi ṣe aago, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru, àti ohun ìṣeré. Nígbà tí ètò XenoGC ti bọ́ sí gbangba, ẹni tó bá ra ATmega8L òfìfo lè sọ ọ́ di XenoGC fúnra rẹ̀, bí ó bá ti rí okùn tí yóò fi kọ ètò náà sínú rẹ̀.

Okùn ọ̀hún kò tóbi. Wáyà mẹ́fà ni gbogbo ẹ̀: iná, gíráùǹdì, àti mẹ́rin tó ń gbé ọ̀rọ̀. MOSI ni kọ̀ǹpútà fi ń bá ṣíìpù sọ̀rọ̀. MISO ni ṣíìpù fi ń dáhùn. RESET ni wọ́n fi ń dá iṣẹ́ ṣíìpù dúró kí ó lè gbọ́ àṣẹ. Bí fólítì rẹ̀ kò bá sọ̀ kalẹ̀ sí òdo, ṣíìpù á máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, kò ní kọbi ara sí ẹnikẹ́ni. SCK sì ni ìlù tí àwọn tó kù ń jó sí: bí ó bá ti lù lẹ́ẹ̀kan, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kọjá. Bí ìlù bá fo, tàbí tó bá lù lẹ́ẹ̀mejì níbi tó yẹ kó lù lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ijó dàrú.

Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni okùn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ojú gbọọrọ tí wọ́n ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ láyé àtijọ́, èyí tó ti wà lára kọ̀ǹpútà IBM láti ọdún 1981. Ihò 25 ló ní, 13 lókè, 12 nísàlẹ̀. Ìdí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ètò inú kọ̀ǹpútà lè gbé fólítì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ihò tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde tàbí kó gbé e kúrò bó ṣe wù ú, láìsí ẹ̀rọ mìíràn láàárín. Ihò 2 títí dé 9 ń gbé ọ̀rọ̀ jáde, ihò 10 àti 11 ń gbà á wọlé, ihò 18 títí dé 25 sì jẹ́ gíráùǹdì. Nínú ìlànà tí wọ́n ń pè ní STK200, SCK wà ní 6, MOSI ní 7, RESET ní 9, MISO ní 10. Ìlànà mìíràn wà tó ń lo ihò tó yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, AVRDUDE sì mọ púpọ̀ nínú wọn ní orúkọ. Nítorí náà, okùn tí kò ní àléébù kankan á dákẹ́ bí ẹni tó ń lò ó bá pe orúkọ ìlànà mìíràn fún kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀, kò sì ná ẹni tó bá rí i ní kọ́bọ̀ kan láti tún un ṣe.

Ibì kan wà tó máa ń mú ọlọ́gbọ́n pàápàá. Bí a bá dojú kọ orí okùn tó ń wọ kọ̀ǹpútà, tí ìlà abẹ́rẹ́ 13 wà lókè, abẹ́rẹ́ 1 wà ní ọwọ́ òsì. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ sódà wáyà kì í sódà á sí ojú yẹn. Ẹ̀yìn ló ń sódà á sí. Bí ó bá sì yí orí okùn padà, abẹ́rẹ́ 1 ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Àwòrán tí wọ́n yà láti ojú kan ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé, tí wọ́n á sì sódà gbogbo wáyà sí ẹ̀gbẹ́ òdì kejì láìfura: wáyà tó yẹ kó wà ní 6 á bọ́ sí 8, ti 9 á bọ́ sí 5. Ojúlówó ìmọ̀ràn tó wà fún èyí ni kí ẹni náà fi àwòrán sílẹ̀, kí ó mú orí okùn sún mọ́ iná, kí ó wo ara ike rẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ṣe é ti fín nọ́ńbà tín-ín-tìn-ìn-tín sí ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣìnà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mítà. Mítà ọjà lásán, irú èyí tí àwọn oníredíò ń lò, tó iṣẹ́ náà ṣe. Kí okùn má sí lára kọ̀ǹpútà, kí ó má sì sí lára ṣíìpù. Kí wọ́n yí mítà sí ibi tó ti ń ké bí wáyà bá so pọ̀, kí wọ́n fi imú rẹ̀ kan kan abẹ́rẹ́ kan, kí wọ́n fi ìkejì kan òpin wáyà náà. Kí ó ké. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi imú kejì kan gbogbo wáyà tó kù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó má ké. Ìdajì kejì yìí ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀kán sódà kékeré tó bọ́ sáàárín abẹ́rẹ́ méjì tó láti da ọ̀sẹ̀ kan rú. Bí wọ́n bá fi rẹ́sítọ̀ sójú ọ̀nà, mítà lè má ké níbẹ̀ rárá. Kí wọ́n wo iye tó kọ dípò ìyẹn. Sódà tí ara rẹ̀ ṣú, tó dúró kìǹdìn sórí wáyà láìràn mọ́ ọn, lè ké lónìí, kó má ké lọ́la. Kí wọ́n fa wáyà náà díẹ̀ bí mítà ṣe ń ké. Bí ohùn rẹ̀ bá já, a ti rí ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ iná ló tẹ̀ lé e, òun ló sì jinlẹ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Ojú ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà kò ní ihò kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iná, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń fún ṣíìpù ní iná láti ibòmíràn, bóyá ojú USB tàbí bátìrì. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, gíráùǹdì iná yẹn gbọ́dọ̀ so mọ́ gíráùǹdì kọ̀ǹpútà. Bí kò bá so, fólítì tí kọ̀ǹpútà ń rán kò ní ibi tí ṣíìpù yóò ti wọ̀n ọ́n, ọ̀rọ̀ á sì di rúdurùdu. ATmega8 ẹlẹ́sẹ̀ 28 ní gíráùǹdì méjì, ẹsẹ̀ 8 àti ẹsẹ̀ 22, ó sì ní ojú iná méjì, ẹsẹ̀ 7 àti ẹsẹ̀ 20. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó rí tirẹ̀ gbà. Ṣíìpù tó rí iná ní ẹsẹ̀ kan, tí kò rí ní ìkejì, lè dáhùn lẹ́ẹ̀kan kó sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, irú àléébù bẹ́ẹ̀ ló sì ń tán ènìyàn ní sùúrù jù.

Gíga fólítì náà ní tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń rán bíi fólítì 5 jáde láti ojú ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í rán ju 3.3 lọ. ATmega8 kò gbà pé ohun kan wà lórí wáyà ọ̀rọ̀ àyàfi bí fólítì ibẹ̀ bá tó ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá iná tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ. Bí ó bá ń jẹ 5, ó ń fẹ́ 3 ó kéré tán. Ẹni tó ń rán 3.3 ti dé bèbè: bí wáyà bá gùn díẹ̀, tàbí tí rẹ́sítọ̀ bá jẹ nínú rẹ̀, kò tó mọ́. RESET tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń béèrè kí ó tó gbà pé wọ́n ti tú òun sílẹ̀. Ohun tó dára nínú ATmega8L ni pé iná tó kéré tó fólítì 2.7 tó fún un. Bí wọ́n bá fún un ní 3.3, òun àti kọ̀ǹpútà alágbèéká á máa gbọ́ ara wọn láìsí wàhálà. ATmega8 tí kò ní L lẹ́yìn kò ní àǹfààní yìí, 4.5 ni ìsàlẹ̀ tirẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni, àmọ́ ẹni tó bá ń ra ṣíìpù gbọ́dọ̀ wò ó lára ike rẹ̀ kó tó sanwó.

Ìgbà mìíràn, okùn mọ́, iná péye, kọ̀ǹpútà gan-an ni kò ṣe nǹkan kan. Windows XP àti àwọn ẹbí rẹ̀ kì í jẹ́ kí ètò lásán fọwọ́ kan ojú ìtẹ̀wé tààrà. Ó nílò fáìlì ìrànlọ́wọ́ kan tí wọ́n ń pè ní giveio. Ní Linux, ètò tó ń ṣiṣẹ́ fún ìtẹ̀wé lè ti di ojú náà mú, tàbí kí ẹni tó ń lò ó má ní àṣẹ lórí rẹ̀. Kí wọ́n tún wo BIOS, níbi tí wọ́n ti lè ti pa ojú náà, tàbí tí wọ́n ti fi í sí àdírẹ́sì tó yàtọ̀ sí 0x378 tó wọ́pọ̀. Ẹni tó bá sì ra okùn tó ń sọ USB di ojú ìtẹ̀wé ti náwó dànù ní ti iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ni okùn bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀. Kò lè gbé fólítì sókè sódò lórí wáyà kan ṣoṣo bí AVRDUDE ṣe ń fẹ́. Ojú rẹ̀ jọ tòótọ́, ihò rẹ̀ pé 25, iṣẹ́ rẹ̀ ló yàtọ̀.

Bí èsì bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kíkà á jẹ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń rán báìtì mẹ́rin sí ṣíìpù, AC 53 00 00, gẹ́gẹ́ bí ìkíni. Bí ṣíìpù bá gbọ́, á dá 53 padà nígbà tí báìtì kẹta ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìkíni ni kọ̀ǹpútà á bi í léèrè ẹni tó jẹ́, ATmega8 gidi á sì dáhùn pé 1E 93 07: 1E ni Atmel, 93 ń sọ pé ìrántí rẹ̀ jẹ́ kilobyte 8, 07 ni irú ṣíìpù gan-an. Bí èsì bá jẹ́ 00 00 00 tàbí FF FF FF, ṣíìpù kò sọ̀rọ̀ rárá. MISO ló dúró sójú kan, nísàlẹ̀ tàbí lókè, bóyá ó já, tàbí ó kan gíráùǹdì, tàbí ó kan iná. Ṣùgbọ́n bí èsì bá ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá béèrè, tí 1E wà lónìí, tí 3C gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣíìpù wà láàyè, ó ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń dàrú lójú ọ̀nà. Àṣẹ kan wà nínú AVRDUDE, -F, tó ń ní kí ètò náà fojú fo àyẹ̀wò yìí. Kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ ètò sínú ṣíìpù tí kò tíì lè dárúkọ ara rẹ̀ dáadáa ń kọ ìdàrúdàpọ̀ sínú rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tó ń dàrú lójú ọ̀nà sábà máa ń wá láti gígùn okùn. Wáyà tó gùn tó mítà méjì máa ń mú kí fólítì SCK gbọ̀n bó ṣe ń gòkè, ṣíìpù á sì ka gbígbọ̀n kan sí ìlù méjì. Gígé okùn kúrú ni ìwòsàn àkọ́kọ́, kó má ju bíi ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ. Rẹ́sítọ̀ kékeré, bíi 100 sí 470 ohm, lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tó ń ti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà bọ̀ ń dín gbígbọ̀n náà kù, ó sì ń dáàbò bo ojú ìtẹ̀wé bí nǹkan bá kan ara wọn. Okùn STK200 gidi fi ṣíìpù 74HC244 sáàárín, tó ń gba ọ̀rọ̀ tó ti rẹ̀ tó sì ń rán an lọ pẹ̀lú agbára tuntun. Ó tún kù ìyára. ATmega8 tuntun láti ilé iṣẹ́ ń fi aago inú ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní megahertz 1, SCK kò sì gbọ́dọ̀ yára tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn. Àṣẹ -i nínú AVRDUDE ń mú kí kọ̀ǹpútà dúró díẹ̀ láàárín ìlù kan àti èkejì. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdúró tó pọ̀, kí wọ́n tó máa dín in kù.

Ìdákẹ́ kan ṣì wà tí okùn kò lọ́wọ́ sí. Nínú ATmega8 ni àwọn ìtò kan wà tí wọ́n ń pè ní fuse, tó ń sọ irú aago tí ṣíìpù yóò máa tẹ̀ lé. Bí ẹnì kan bá ṣì í tò, tó ní kí ṣíìpù máa retí aago láti ìta nígbà tí kò sí aago níbẹ̀, ṣíìpù á dákẹ́ ṣáá, bí òkú. Kò kú. Bí wọ́n bá fi àmì aago kan ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ 9 lára ẹlẹ́sẹ̀ 28, á jí, wọ́n á sì lè tún fuse rẹ̀ tò. Èyí tó ń dunni ni ẹni tó bá fi fuse pa iṣẹ́ RESET. Okùn wáyà mẹ́fà kò lè tún ìyẹn ṣe, àfi ẹ̀rọ tó ń fi fólítì 12 ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó bá rí 1E 93 07 lójú kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ka fuse jáde, kí ó kọ wọ́n sílẹ̀, kó tó yí ohunkóhun padà. Ti ATmega8 tuntun ni E1 fún èyí tó wà nísàlẹ̀, D9 fún èyí tó wà lókè.

Òfin ní ohun tirẹ̀ láti sọ, kò sì sọ ohun kan náà níbi gbogbo. Òfin DMCA ọdún 1998 ní Amẹ́ríkà ka títú ìdènà ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní Ọsirélíà, ọ̀gbẹ́ni Stevens, tó ń ta ṣíìpù PlayStation tó sì ń fi í sínú ẹ̀rọ, bá Sony dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, ilé ẹjọ́ sì dá a láre ní ọdún 2005. Nígbà tó di ọdún 2006 ni ìjọba Ọsirélíà tún òfin tiwọn ṣe. Fífi ATmega8 kọ́ bí okùn ṣe ń ṣiṣẹ́ kò bá àwọn òfin yìí jà. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi í sínú ẹ̀rọ géèmù kọ́kọ́ mọ ohun tí ìlú rẹ̀ gbà.

Lónìí, ojú ìtẹ̀wé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lára kọ̀ǹpútà tuntun. Arduino Uno, pátákó kékeré tó ní ṣíìpù tirẹ̀, ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ okùn báyìí: RESET ní ihò 10, MOSI ní 11, MISO ní 12, SCK ní 13. Ìdákẹ́ tirẹ̀ ní orísun mìíràn. Bí kọ̀ǹpútà bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Uno á tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìkíni á sì bọ́ sọ́wọ́ ètò tí kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Kapásítọ̀ microfarad 10 láàárín RESET Uno fúnra rẹ̀ àti gíráùǹdì ló ń dá èyí dúró, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi í sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ ètò sínú Uno tán, torí pé kì í jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà kọ òmíràn sínú rẹ̀. Àwọn tó ní GameCube tún ti rí PicoBoot, tó ń lo pátákó kékeré Raspberry Pi Pico. Okùn USB lásán ni wọ́n fi ń da fáìlì sínú rẹ̀. Síbẹ̀, XenoGC àtijọ́ ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹni tó bá sì fẹ́ tún ètò inú rẹ̀ kọ ṣì ní láti so MOSI, MISO, SCK, RESET àti gíráùǹdì mọ́ ọn, kí ó sì fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó tan iná.